Kí ẹ tó sanwó Hilux oní-dísẹ́ẹ̀lì yẹn

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá fẹ́ ra Hilux oní-dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti lò, àárọ̀ kùtù ni kó lọ, kó má sì pe ẹni tó ń tà á ṣáájú. Ẹ gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ṣíná sí i. Tó bá ti gbóná, wọ́n ti jí i dè yín nìyẹn. Dísẹ́ẹ̀lì tí ínjẹ́tọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnì, ti ń kú lọ kì í tètè jí tí ara rẹ̀ bá tutù.

Èéfín dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù (ibi tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) kì í ṣe ẹjọ́. Èéfín aláwọ̀ aró tí kò lọ, ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnì ń jẹ.

Kí ẹ wá tú ìdérí ọ́ìlì bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ gbé e lé ẹnu ihò náà láì dì í. Tó bá ń jó, tó fẹ́ ta sọnù, tí èéfín ń rú bí ìkòkò àmàlà, lọ́pọ̀ ìgbà, ríǹgì tó yí písítìn ká nínú ẹ́ńjìnì ti gbó nìyẹn. Ẹ máa lọ sílé. Èmi ò yẹ tèmi wò báyìí kí n tó rà á. Mekáníìkì ní Ládipọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ l'Ékòó, ló là mí lójú lẹ́yìn tí mo ti sanwó tán.