Bí mo ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ mi fa kẹ̀kẹ́ ọmọ mi

Ọmọ ọdún 5 ni ọmọ mi obìnrin, ó sì mọ kẹ̀kẹ́ gùn ju bí mo ṣe rò lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí a bá ti dé ìdajì ọ̀nà, á bọ́ sílẹ̀, á ní ẹsẹ̀ ń ro òun. Èmi ni màá wá máa fi ọwọ́ kan ti kẹ̀kẹ́ tèmi, màá fi ìkejì wọ́ tirẹ̀. Ohun tó sọ mí di ọlọ́pàá ìfakẹ̀kẹ́ nìyẹn, mo tún un sọ: ọlọ́pàá bí ẹni tó ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa kẹ̀kẹ́ ọmọ.

Irin gígùn ni ọ̀pá yìí. Orí rẹ̀ kan máa ń di páìpù ìjókòó kẹ̀kẹ́ àgbà mú, ìkejì á gbá ọrùn kẹ̀kẹ́ ọmọ mú, á sì gbé táyà iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló máa ń yí lẹ́yìn yín. Irú kan tún wà tí wọ́n ń dè mọ́ ojú ibi tí táyà ẹ̀yìn àgbà ti ń yí. Ó wúwo díẹ̀, àmọ́ kì í fì ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìsàlẹ̀ ló ti ń fà. Ẹni tó bá ní irin ìgbẹ́rù lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, irú ìyẹn ni kó wá.

Okùn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi okùn fa ọmọ lójú títì. Okùn mọ fífà, kò mọ dídúró. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ̀yìn yín ni ọmọ máa wá gbá. Tí okùn bá sì dẹ̀, inú táyà ló ń wọ̀. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè máa ń lo èyí tó ń nà bíi rọ́bà láti ran ọmọ lọ́wọ́ gun òkè, níbi tí mọ́tò kò sí, wọ́n á sì tú u kí wọ́n tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ẹ ka ìwé tó bá ọ̀pá wá, kí ẹ wo bí táyà ọmọ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó àti ìwọ̀n tí irin náà lè gbé. Tí páìpù ìjókòó yín bá jẹ́ carbon (ohun èlò fífúyẹ́ kan tí kì í ṣe irin), ẹ fi ti irin rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni ibi ìdè. Páìpù mi tín-ín-rín ju ojú ìdè náà lọ, ni mo bá fi àkísà wé e, mo fi sípánà fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ títí tí kò fi lè yí mọ́. Ó le bí òkúta. A ò tíì rìn jìnnà tí ìdí mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi: ìjókòó ń yí lábẹ́ mi, díẹ̀díẹ̀, sí ọ̀tún. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ ọmọ ti dagun bí ẹni tó ti mu yó, òun sì ń rẹ́rìn-ín. Àkísà ti fẹ́lẹ́. Irin pẹlẹbẹ tó ń dí àlàfo yẹn wà nínú páálí tí mo ti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan! Ẹ lò ó, ẹ nu òróró kúrò lára páìpù, ẹ fún un dáadáa, kí ẹ sì tún un fún lẹ́yìn tí ẹ bá ti gùn ún díẹ̀. Ẹ ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ pa kó má lè yí, ẹ má sì gbàgbé okùn ààbò tó ń dúró ti pín-ìnnì, irin kékeré tó so ọ̀pá mọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ.

Ẹ kọ́kọ́ fà á lófìfo. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ gun tiyín, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, bíréèkì lọ́wọ́, kí ọmọ tó gun tirẹ̀. Akoto lórí ẹni méjèèjì. Iná ẹ̀yìn mi, ara ọmọ ló ń bò ó, torí náà mo so òmíràn mọ́ ìdí ìjókòó tirẹ̀.

Lójú kọ́nà, ẹ ya gbòòrò, torí kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn máa ń gba inú kọ́nà kọjá. Ẹ tètè tẹ bíréèkì, torí bí ẹ ṣe ń dúró ló ń tì yín. Bíréèkì iwájú ọmọ kò sì wúlò, táyà tó ń mú wà lókè. Ẹ má dìde dúró lórí pẹ́dàlì, ẹ ó kàn máa mi ọmọ ni. Òun náà kò gbọdọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́jọ́ kan tí ajá kọjá, ó yí gbogbo ara sí i, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi sì tẹ̀ lé ajá. Látìgbà náà, mo máa ń pè é kí n tó yà: “Òsì là ń lọ o!” Á dáhùn, màá yà.

Tí a bá dé ibi tó tẹ́jú, tí mọ́tò kò sí, òun fúnra rẹ̀ ló ń pariwo pé kí n tú òun sílẹ̀. Màá yọ pín-ìnnì, màá ká ọ̀pá mọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ mi, màá yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sọ́tùn-ún sósì láti rí i pé ó ti bọ́, màá tẹ bíréèkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó ní kó máa lọ.