Bí a ṣe ń fi eré àti àṣẹ tó ṣe tààrà tọ́jú ọmọ olóríkunkun nínú ilé

Ọmọ ọdún 4 tó ní òun ò wẹ̀ lálẹ́ yìí kò ní àrùn kankan. Ọmọdé ló ń ṣe. Agídí tí àwọn dókítà ń pè ní ODD (Oppositional Defiant Disorder, àìsàn oríkunkun) yàtọ̀. Wọn á wá ó kéré tán àmì 4 nínú 8, irú bíi gbígbaná jẹ, bíbá àgbà jiyàn, mímọ̀ọ́mọ̀ bí èèyàn nínú àti dídi ẹ̀bi ru ẹlòmíràn, tó ti ń bá a lọ fún oṣù 6, tí kò sì mọ sáàárín òun àti àbúrò rẹ̀. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 5, ó gbọ́dọ̀ máa ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ kan wà tí à ń pè ní aláìgbọràn, tó jẹ́ pé etí ni kò gbọ́.

Bí agídí ṣe ń gbilẹ̀ nìyí, gẹ́gẹ́ bí Gerald Patterson, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ọmọ, ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ní Oregon, Amẹ́ríkà. Ìyá ní kí ọmọ pa tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ pariwo. Ìyá jágbe mọ́ ọn. Ọmọ da ara rẹ̀ nù sílẹ̀. Ó rẹ ìyá, ó ní, "Ó dáa, wò ó tán." Ilé parọ́rọ́, ìyá sinmi, ọmọ náà sì ti mọ ohun tí ariwo ń rà. Lọ́jọ́ kejì, ibi tó dé lánàá ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé òbí gan-an ni ìtọ́jú náà ń kọ́.

Ọ̀nà tí a fẹ́ gbà níbí ni PCIT (Parent-Child Interaction Therapy, ìtọ́jú tó ń tún bí òbí àti ọmọ ṣe ń bá ara wọn lò ṣe), tí Sheila Eyberg, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980, fún ọmọ ọdún 2 sí 7. Olùtọ́jú á wà lẹ́yìn gíláàsì, á máa sọ̀rọ̀ sí òbí létí bó ti ń bá ọmọ ṣeré. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ kan bá ọmọ wí, a ó fi èkejì fà á mọ́ra. Nínú iṣẹ́ yìí, fífà mọ́ra ló ṣáájú, ẹni tó bá sì fò ó yóò rí i pé ìyókù kò ní ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni eré ìṣẹ́jú 5 lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà. Ẹ lo búlọ́ọ̀kù oníke, ìwé àti kíréyọ̀n, tàbí agolo mílíìkì tó ti ṣófo. Kò sí fóònù, kò sí ìbọn ìṣeré, kò sí ayò tàbí lúdò tí ẹnì kan á jẹ tí ẹnì kan á sì pàdánù. Ọmọ ni ọ̀gá eré. Ẹ máa sọ ohun tó ń ṣe: "O gbé pupa lé funfun." Ẹ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, ẹ ṣe bó ti ń ṣe, kí ẹ sì yìn ín lórí ohun kan pàtó: "O ṣé tí o fara balẹ̀ tò ó." Ẹ má pàṣẹ, ẹ má bá a wí, ẹ má bi í ní ìbéèrè. Ìbéèrè yìí ló nira jù, torí "Kí lò ń ṣe yẹn?" ti mọ́ wa lẹ́nu. Láàárín ìṣẹ́jú 5, àfojúsùn ni ìyìn pàtó 10, àtúnsọ 10, àpèjúwe 10, kí àwọn ohun mẹ́ta tí a kà léèwọ̀ má sì pé 3 lápapọ̀. Ẹ ní kí ẹnì kan máa fi igi ìṣáná kà á.

Oríkì tí ìyá àgbà ń kì í láàárọ̀ dára púpọ̀, àmọ́ ẹni tí ọmọ jẹ́ ló ń yìn, kì í ṣe ohun tó ṣe. Ẹ fi ìṣe kún un: "Àjàní, o ṣé tí o ká aṣọ rẹ."

Bó bá dẹ́ṣẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ẹ má gba eré lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó bá ń kùn tàbí tó ń mọ̀ọ́mọ̀ sunkún, ẹ yí ojú kúrò, ẹ má sọ nǹkan kan, kí ẹ padà kíákíá bó bá ti dákẹ́. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ máa ń burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ ń dán an wò bóyá owó àtijọ́ ṣì ń ná ni. Bí ẹ bá gbà fún un lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ ti kọ́ ọ bí ẹkún ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n lílù èèyàn, fífọ́ nǹkan àti ohun tó léwu kò sí lára ohun tí à ń fojú fò.

Ìgbà tí ẹ bá ti dé àfojúsùn yẹn ni àṣẹ tó kàn. "Ṣé o ò gbọ́ ni?" kì í ṣe àṣẹ. "Ṣé kí n wá bá ọ níbẹ̀?" kì í ṣe àṣẹ. "Jẹ́ ká kó nǹkan wọ̀nyí" ń jẹ́ kó rò pé ẹ ó jọ kó o. "Ṣe dáadáa" kò sọ ohun tó máa ṣe. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ẹyọ kan: "Kó àwọn búlọ́ọ̀kù sínú apẹ̀rẹ̀." Ẹ ka 5 sínú. Bó bá ṣe é, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ṣe é, ìkìlọ̀ kan péré: "Bí o ò bá kó o, wàá lọ jókòó sórí àga." Ẹ tún ka 5. Lẹ́yìn náà, àga, láìsí wáàsí.

Àga náà á wà ní igun tí kò ní ohun ìgbádùn, níbi tí ẹ ti ń rí i. Ìṣẹ́jú 3 ni, kí ó sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 níparí. Ẹ padà sórí àṣẹ kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àga á di ọ̀nà àtisá fún iṣẹ́. Bó bá dìde, ẹ dá a padà láìsọ̀rọ̀. Bó bá di ìjàkadì, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ wá olùtọ́jú. Ìkúnlẹ̀ àti gbígbọ́wọ́ sókè kì í ṣe ẹ̀dà àga yìí. Àga ń ṣiṣẹ́ nítorí pé adùn eré ti dáwọ́ dúró. Ọmọ tó kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀, gbogbo ilé ló ń wò ó. Ẹgba ń pa ariwo lónìí lóòótọ́, ó sì ń kọ́ ọmọ pé ẹni tó lágbára jù ló máa ń borí.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù ni ẹnu àwọn ará ilé. Ìyá àgbà á ní, "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ jàre, ó ti sunkún tó." Ẹ ti kúnlẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kí ó máa mú eré ìṣẹ́jú 5 ní ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ nínú rẹ̀ kì í sábà tú u.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ràn NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ níbẹ̀, fún òbí ọmọ ọdún 3 sí 11 ni kíláàsì ẹgbẹ́, ìpàdé 10 sí 16, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú 90 sí 120. Òògùn kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí. Bí ọmọ bá ń ṣe èèyàn tàbí ẹranko léṣe, tó ń fi iná sí nǹkan, tàbí tó ń sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má dúró dìgbà tí eré á fi ṣiṣẹ́: UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́. Bí ẹ bá ń kọ iye àṣẹ àti iye ìgbà tí ọmọ lo àga lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ẹ mú ìwé náà dání. Yóò ran dókítà lọ́wọ́.