Bí Síkéètì Bá Ti Sú Ọmọ Rí, Tó sì Fẹ́ Padà Sórí Yìnyín

Bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 13 tó ti fi figure skating, ìyẹn síkéètì orí yìnyín tí wọ́n ti ń fò tí wọ́n sì ń yí, sílẹ̀ fún oṣù 6 ti lè tóbi sí i, bàtà tó bá sì fún un yóò mú kó rò pé òun ti gbàgbé eré tí kò gbàgbé rárá. Kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kó dúró ṣánṣán: ìka ẹsẹ̀ lè fara kan iwájú bàtà fẹ́ẹ́rẹ́. Kó wá tẹ orúnkún. Gìgísẹ̀ á sún sẹ́yìn, ìka á sì rí àyè. Bí gìgísẹ̀ bá ṣì ń gbéra lẹ́yìn tí ẹ ti so okùn, bàtà náà ti tóbi jù. A máa ń ra bàtà iléèwé tó tóbi díẹ̀ kí ọmọ lè lò ó dọdún tó ń bọ̀. Ẹ má dán an wò níbí, nítorí ẹsẹ̀ tó ń rìn nínú bàtà kò lè darí irin abẹ́ rẹ̀.

Okùn níláti dẹ̀ díẹ̀ níbi ìka, kó le dáadáa níbi tí ọrùn ẹsẹ̀ ti tẹ̀, kó sì tún dẹ̀ díẹ̀ lára àwọn ìkọ́ òkè. Bí òkè bá fún jù, orúnkún kò ní lè tẹ̀, gbogbo ìbalẹ̀ ni yóò sì máa dùn ún dé ẹ̀yìn.

Irin abẹ́ bàtà ní etí inú àti etí òde, pẹ̀lú kòtò tín-ínrín láàárín wọn. Ẹ rọra fa èékánná kọjá lórí etí kọ̀ọ̀kan: bó bá ha èékánná díẹ̀, ó mú, bó bá kàn ń yọ̀, ẹ lọ pọ́n ọn. Lẹ́yìn wákàtí 20 sí 40 lórí yìnyín ni ọ̀pọ̀ ń pọ́n tiwọn. Ẹ má gbé e fún ẹni tó mọ ti họ́kì orí yìnyín nìkan, ó lè jẹ eyín iwájú irin dànù. Ike tí wọ́n ń fi bo irin, ìrìn orí ilẹ̀ ló wà fún. Bí eré bá parí, ẹ nu irin gbẹ, kí ẹ fi àpò aṣọ bò ó. Omi máa ń sá pamọ́ sínú ike títí irin á fi dípẹtà.

Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, kò sí fífò. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 45 ó pọ̀ jù. Kó fi ìṣẹ́jú 10 mú ara gbóná nílẹ̀ kó tó wọ bàtà. Lórí yìnyín, kó lo etí inú àti etí òde síwájú àti sẹ́yìn, kó máa gbé ẹsẹ̀ kan kọjá èkejì níbi igun, kó ṣe three turn, ìyẹn fífi ẹsẹ̀ kan yí láti iwájú sí ẹ̀yìn, kó sì fi òòyì tó fẹ́ràn jù parí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 yẹn, waltz jump, fífò tó jẹ́ ìdajì ìyípo, ló máa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà oríṣi fífò méjì tí wọ́n ń pè ní Salchow àti toe loop, oníyípo kan. Axel, fífò oníyípo kan àtààbọ̀, ṣì lè dúró. Bó bá ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta léra lórí fífò kan náà, kó fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí òbí ń pè ní ẹ̀rù níbí, gíga ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ tó ti ga, tí èjìká rẹ̀ ti fẹ̀, kì í fi agbára àtijọ́ yí kíá bíi ti àtijọ́. Iṣan rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún eré náà kọ́.

Ẹ tún wo ẹni tó ń pàṣẹ. Alysa Liu ará Amẹ́ríkà gba ipò kìíní nínú ìdíje figure skating àwọn àgbà obìnrin orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 2019, lọ́mọ ọdún 13. Ní 2022, lọ́mọ ọdún 16, ó ní òun ti ṣe é tán. Nígbà tó padà ní 2024, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bí òun ṣe fẹ́ kí orin, aṣọ àti ìdánrawò òun rí. Ó gba ipò kìíní lágbàáyé ní Boston ní 2025. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tiyín náà yan orin, kí òun àti kóòṣì fi ṣe eré ìṣẹ́jú kan tí ẹnikẹ́ni kò ní fún ní máàkì. Kí òbí má dúró létí pápá máa ka iye fífò, kó má sì ya fídíò àfi bí ọmọ bá ní kó yà á. Ìdíje di ìgbà tí ọmọ bá fẹnu ara rẹ̀ dá a sílẹ̀. Kò síbi tí ẹ ń sáré lọ: ISU, àjọ síkéètì àgbáyé, pàápàá ti gbé ọjọ́ orí tí wọ́n fi ń bá àgbà díje láti 15 sí 17.

Ẹ̀yìn tó ń dun ọmọ bó bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, tàbí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún lóru, róòbù kọ́ ni oògùn wọn. Egungun lè ti ń sán. Ọmọbìnrin tí kò rí nǹkan oṣù fún oṣù 3 gbọ́dọ̀ rí dókítà, torí oúnjẹ tó ń jẹ lè má tó iṣẹ́ tí ara rẹ̀ ń ṣe. Kóòṣì tó bá sì ń fi ìwọ̀n ara ọmọ ṣe ẹ̀sín, ẹ wá òmíràn.