Kí n tó gbà pé oògùn ló tún ẹ̀dọ̀ èlírí ṣe

Ọjọ́ pẹ́ tí màmá mi ti ń lo metformin nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Nígbà tí ọ̀gá wa ní láàbù, níbí ní Bìrìtéènì, wá ní kí n dán an wò lára èlírí tí ọ̀rá ti kún ẹ̀dọ̀ wọn, tọkàntara ni mo fi gbà á.

Akọ C57BL/6J, irú èlírí kan tí wọ́n ń sìn fún iṣẹ́ láàbù, ni mo lò, torí abo wọn kì í tètè sanra. Nínú 100 kálórì oúnjẹ wọn, 60 wá látinú ọ̀rá. Ti àwọn tí mo fi wé wọn jẹ́ 10. Oúnjẹ ọ̀rá yìí rọ̀, ó sì máa ń fi òróró sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, mo po oògùn mọ́ omi mímu àwọn kan nínú wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fọn. Inú mi dùn gan-an.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tọ́jú àwọn ẹran náà ló bi mí pé, “Ṣé o ti wọn omi tí wọ́n ń mu?” N kò wọ̀n ọ́n. Metformin korò, wọn ò sì fẹ́ mu ún. Èlírí tí kò bá mumi, kì í jẹun dáadáa.

Mo tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, abẹ́rẹ́ tórí rẹ̀ rí roboto ni mo fi ń gbé oògùn gba ẹnu wọn dé inú ikùn; àwọn yòókù ń gba omi lásán bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo wá fi ẹgbẹ́ kan kún un tí kò gba oògùn, àmọ́ tí mo ń wọn oúnjẹ fún bí àwọn olóògùn ṣe jẹ ẹ́ lánàá.

Láti yẹ ṣúgà wò, mo febi pa wọ́n fún wákàtí 6, mo fún wọn ní glúkóòsì gíráàmù 2 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara wọn wọ̀n, mo sì ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ṣóńṣó ìrù títí di ìṣẹ́jú 120. Ẹ má fi ìrù gbé wọn o! Ìbẹ̀rù nìkan tó láti gbé ṣúgà sókè. Inú ọ̀pá kékeré ni mo ń jẹ́ kí wọ́n wọ̀, kí n tó gbé wọn.

Ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá pọ́n dòdò, ó sì rì nínú fọmalíìnì, omi kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà. Ti àwọn tó jẹ ọ̀rá ràndan, ó ní àwọ̀ ìyeyè bí òróró, ó sì léfòó. Mo gé e sí méjì: ọ̀kan wọnú ìda, èkejì wọnú yìnyín, nítorí ọtí tí wọ́n fi ń ṣètò ti inú ìda máa ń fọ ọ̀rá dànù, ihò òfìfo ló máa kù lábẹ́ maikirosikópù.

Ẹ̀dọ̀ àwọn tí mo kàn dín oúnjẹ wọn kù fúyẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àwọn olóògùn. Ibi ṣúgà ni oògùn ti ta wọ́n yọ. Lára èèyàn náà, ṣúgà ni àwọn dókítà ń torí ẹ̀ kọ metformin, kì í ṣe ọ̀rá ẹ̀dọ̀. Mo pe màmá mi, mo ní kí wọ́n máa lo oògùn wọn nìṣó.

Nínú ìwé tí mo fún ọ̀gá wa, ìwọ̀n oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ tò, kí àwòrán ẹ̀dọ̀ tó tẹ̀lé e.