Fáírọ́ọ̀sì tí mo fi bá jẹjẹrẹ jà lára eku, àti ohun tójú mi rí

Inú ń bí mi ni mo fi ń kọ eléyìí o. Fáírọ́ọ̀sì tá a fowó gidi rà, tó yẹ kó wà ní -80°C títí tó fi máa dé ọwọ́ wa, ìgbà tó máa dé, dráì áìsì inú páálí ti tán pátápátá, ìgò ti ń làágùn. Mo pe àwọn tó tà á, wọ́n ní kò séwu, pé bílíọ̀nù kan ló wà nínú mílílítà kan, ó ṣáà wà lára lébẹ́ẹ̀lì. Lébẹ́ẹ̀lì kẹ̀!

Herpes tó máa ń yọ sí èèyàn létè yẹn náà ni fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún, wọ́n kàn ti yọ jíìnì ICP34.5 rẹ̀ kúrò, kò lè fi bẹ́ẹ̀ bí sí i nínú sẹ́ẹ̀lì tára ẹ̀ dá, inú jẹjẹrẹ ló ti ń ráyè. T-VEC tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2015 fún jẹjẹrẹ awọ tí wọ́n ń pè ní melanoma, irú ẹ̀ náà ni.

Bá a ṣe ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì, bá a ṣe ń gún un sábẹ́ awọ eku, mi ò ní fìyẹn dí yín lọ́wọ́. Ẹ ṣáà lo B16, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì melanoma ti eku, tí wọ́n ti fi nectin-1, ilẹ̀kùn tí herpes ń gbà wọlé, sí, torí B16 lásán kì í ṣílẹ̀kùn fún herpes.

Kíka iye fáírọ́ọ̀sì tó ṣì wà láàyè ló dá mi dúró. Mo là á lómi ní ìlọ́po mẹ́wàá mẹ́wàá, mo dà á sórí sẹ́ẹ̀lì Vero, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ọ̀bọ, mo fi methylcellulose tó ki bò ó kí fáírọ́ọ̀sì má bàa tàn jìnnà, mo dúró títí ihò fi yọ níbi tí fáírọ́ọ̀sì ti pa sẹ́ẹ̀lì, mo fi crystal violet pa á láró, mo wá ń ka ihò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú fi ń ta mí. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n kọ! Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n ní kí n tún un ṣe, bóyá ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ tèmi! Mo tún un ṣe, ibì kan náà ló já sí. Wọ́n ní káwọn ọ̀gá wọn wò ó ná. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń wò ó yẹn, kókó ń tóbi lára eku, bẹ́ẹ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ ẹranko ti fi òdiwọ̀n sí i, eku tí kókó ẹ̀ bá ti kọjá ibẹ̀, pípa ni. Àwọn kan lọ bẹ́ẹ̀ láìtọ́ oògùn wò. Ìgbà tí wọ́n wá fi òmíràn ránṣẹ́, àwa náà la tún sanwó ẹrù.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo iṣẹ́! Kókó méjì ló wà lára eku kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kókó ọ̀tún nìkan ni mo gún ní fáírọ́ọ̀sì, mo wá gún anti-PD-1, oògùn tó ń tú ìjánu tí jẹjẹrẹ fi ń dá àwọn sójà ara dúró, sáwọn eku náà níkùn. Anti-PD-1 nìkan ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mi B16, fáírọ́ọ̀sì nìkan kàn fa kókó ọ̀tún sẹ́yìn díẹ̀, àmọ́ nígbà táwọn méjèèjì pàdé, kókó òsì tí abẹ́rẹ́ ò dé rárá náà ń kéré sí i lójú kálípà tí mo fi ń wọ̀n ọ́n. Tí fáírọ́ọ̀sì bá bẹ́ sẹ́ẹ̀lì, ohun inú ẹ̀ á tú síta, sójà ara á dá jẹjẹrẹ mọ̀, wọ́n á máa wá a kiri. Anti-PD-1 ni ò jẹ́ kí jẹjẹrẹ rí wọn dá dúró.

Tẹ́ ẹ bá máa ṣe é, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìgbóná sínú páálí kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì ti ka fáírọ́ọ̀sì tán kí sẹ́ẹ̀lì kankan tó wọ ara eku. Ẹ pín in sínú ìgò kékeré kékeré, torí yíyọ́ àti dídì léraléra ń pa á. Èyí tó bá ti yọ́ tó sì ṣẹ́ kù, ẹ da bleach sí i kẹ́ ẹ sọ ọ́ nù.