Kẹ́ ẹ tó so fíríìjì àti ìnfátà mọ́ píkọ́ọ̀pù yín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sáré lọ ra bátìrì ńlá o, torí bátìrì kàn ń tọ́jú iná ni, alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí, ló ń pèsè ẹ̀. Ìnfátà 1000 watt nìkan lè fa bíi 80 amp, tó bá wá jẹ́ pé 80 náà ni alternator yín, kí lẹ fẹ́ fi tan hẹ́ẹ̀dì láìtì? Ẹ wá alternator 150 amp tó bá mọ́tò yín mu. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tú orí négátíìfù bátìrì. Wáyà tó ti alternator lọ sí bátìrì gbọ́dọ̀ nípọn, ti ground (èyí tó so bátìrì mọ́ irin ara mọ́tò) náà, ibi táwọn ríwáyà máa ń fojú fò nìyẹn, wáyà tínínrín á gbóná títí ike ara ẹ̀ á fi yọ́. Fíúsì, ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an ni kẹ́ ẹ fi sí. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ tan ẹ́ńjìnì àti gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ fi mítà wo bátìrì, tí ò bá dé 13.5 volt, iṣẹ́ ṣì kù.