Ẹ̀yin oníṣẹ́ abẹ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fẹ́lóṣíìpù jẹjẹrẹ, ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ rèé

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọsibítù yòówù tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ ṣe fẹ́lóṣíìpù, ìyẹn àfikún ẹ̀kọ́ lórí iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ fún ẹni tó ti di oníṣẹ́ abẹ, ni pé, ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n fọwọ́ kan aláìsàn? Mo mọ̀ pé orúkọ ló kọ́kọ́ máa ń wọ̀ wá lójú, Memorial Sloan Kettering ní New York, MD Anderson ní Houston, Royal Marsden ní Lọ́ńdọ̀nù, ta ni ò fẹ́ kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wà nínú CV òun. Àmọ́ fẹ́lóṣíìpù ju fẹ́lóṣíìpù lọ o. Òmíì wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn lẹ máa dúró sí ní tíátà tẹ́ ẹ ó máa wò, observership ni wọ́n ń pè é, òmíì sì wà tó jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ máa mú ọ̀bẹ tí ọ̀gá á dúró sí òdìkejì tábìlì. Méjèèjì ló wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba FWACS tàbí FMCS (ìwé ẹ̀rí oníṣẹ́ abẹ àgbà ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àti ti Nàìjíríà), tó wá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yọ jẹjẹrẹ rectum (ìparí ìfun) láìba iṣan ìtọ̀ jẹ́, kò sí bó ṣe fẹ́ fi ojú lásán kọ́ ọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí tiẹ̀ ni fẹ́lóṣíìpù wà fún, ṣebí gbogbo wa la ti ń ṣe mastectomy (gígé gbogbo ọmú) látìgbà rẹ́sídẹ́ǹsì, ìgbà tá a ń kọ́ṣẹ́ abẹ. Mi ò bá wọn jiyàn pé a lè gé e o, àmọ́ iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ju gígé lọ, ìgbà tí kò yẹ ká gé gan-an ló le jù láti mọ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ọmú. Ọ̀nà tí Halsted, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní ọsibítù Johns Hopkins, kí wọ́n gé ọmú tòun ti iṣan àyà, ọ̀pọ̀ ọdún ni gbogbo ayé fi ṣe é, àfìgbà tí Bernard Fisher, òun náà oníṣẹ́ abẹ, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ìwádìí tí wọ́n ń pè ní B-06 hàn pé obìnrin tí wọ́n yọ kókó nìkan fún tí wọ́n sì fún ní radiotherapy (ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ), ẹ̀mí ẹ̀ ò kúrú ju ti ẹni tí wọ́n gé gbogbo ọmú ẹ̀ lọ. Èsì ogún ọdún jáde ní 2002. Ẹ wá rò ó wò, tí aláìsàn tó wà níwájú yín ò bá ní rí radiotherapy gbà, torí ẹ̀rọ jìnnà sí i tàbí owó ò sí, ṣé kókó nìkan lẹ máa yọ? Irú ìpinnu báyìí ni wọ́n ń kọ́ yín nínú fẹ́lóṣíìpù tó dáa, pẹ̀lú dókítà chemo (oògùn jẹjẹrẹ), dókítà radiotherapy àti pathologist (dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò ní lab) tí wọ́n jọ jókòó sídìí tábìlì kan.

Nítorí náà kẹ́ ẹ tó yan ọsibítù, ẹ yan àìsàn. Ẹ ṣí ìwé kílíníkì yín, ẹ wo àwọn tó ń wá. Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, jẹjẹrẹ ọmú ló pọ̀ jù lára àwọn obìnrin, púpọ̀ nínú wọn á sì ti pẹ́ nílé, kókó á ti di egbò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó máa ń dùn mí gan-an. Tó bá jẹ́ àwọn yìí ló kún wọ́ọ̀dù yín, fẹ́lóṣíìpù ọmú lẹ nílò, ẹ má torí pé robot tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ abẹ wù yín kẹ́ ẹ lọ fi ọdún méjì kọ́ iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ tẹ́ ẹ ò ní rí irinṣẹ́ ẹ̀ lò nígbà tẹ́ ẹ bá dé. Ẹ tún bi wọ́n léèrè irú ọ̀nà tí wọ́n ń lò. Bí àpẹẹrẹ, wíwá sentinel node, ìyẹn kóróró abíyá tí jẹjẹrẹ ọmú máa ń kọ́kọ́ dé, àwọn kan ń lo nǹkan tó ní radiation pẹ̀lú ẹ̀rọ tó máa ń dún tó bá sún mọ́ ọn, àwọn míì ń lo aró búlúù tí wọ́n ń fún sínú ọmú. Ẹ rí i pé ẹ kọ́ ti aró yẹn dáadáa torí òun lẹ máa rí rà nílé.

Ó wá kan ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà.

Ti Amẹ́ríkà lèèyàn máa ń gbọ́ jù. Complex General Surgical Oncology lorúkọ ẹ̀, ọdún méjì ni, ti ọmú nìkan sì jẹ́ ọdún kan. American Board of Surgery, àjọ tó ń fún oníṣẹ́ abẹ níwèé ẹ̀rí níbẹ̀, ló ń ṣe ìdánwò Complex yẹn, àmọ́ ẹ gbọ́ mi yé o, ẹni tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí board yẹn gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ ní ti general surgery wọn, rẹ́sídẹ́ǹsì tẹ́ ẹ ṣe n'Íbàdàn tàbí Èkó, bó ti wù kó dáa tó, wọn ò ní fi rọ́pò tiwọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa fi ń bá ipò international fellow tàbí research fellow lọ, ìmọ̀ wà níbẹ̀, board ni ò sí. Tẹ́ ẹ bá sì máa tọ́jú aláìsàn, ẹ máa nílò ìwé ẹ̀rí ECFMG, àjọ tó ń yẹ ìwé dókítà tó kàwé lókèèrè wò fún Amẹ́ríkà, ìyẹn USMLE (ìdánwò ìṣègùn wọn) Step 1 àti Step 2 CK pẹ̀lú OET (ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì). Látọdún 2022 wọn ò fún èèyàn ní máàkì ní Step 1 mọ́, o yege tàbí o ò yege ni. Físà J-1 tí dókítà fi ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ náà, wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà sílé fún ọdún méjì tẹ́ ẹ bá ṣe tán, àfi tẹ́ ẹ bá rí waiver, ìyọ̀ǹda pé kẹ́ ẹ má padà.

Ti UK, ẹ wo Medical Training Initiative, MTI, ètò tó ń gba dókítà òkèèrè wọlé fúngbà díẹ̀ láti kọ́ṣẹ́. Ọdún méjì ló pọ̀ jù, ẹ máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GMC, àjọ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ níbẹ̀, ẹ máa di ọ̀bẹ mú, ẹ máa padà wálé. Máàkì IELTS (ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì) tí GMC fẹ́ jẹ́ 7.5 lápapọ̀, kó má sì sí èyí tó wá sílẹ̀ ju 7 lọ. Ní tèmi o, India lèmi á tọ́ka sí fún ẹni tó fẹ́ kí ọwọ́ òun yá, torí èrò aláìsàn tó wà ní ọsibítù jẹjẹrẹ Tata Memorial ní Mumbai, tó ti wà látọdún 1941, kì í ṣe kékeré, jẹjẹrẹ tó ti pẹ́ nílé bíi tiwa làwọn náà ń rí, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́wó ná. MCh wọn, dígírì iṣẹ́ abẹ, jẹ́ ọdún mẹ́ta, àmọ́ fẹ́lóṣíìpù tó kúrú jùyẹn wà.

Kò dìgbà téèyàn bá wọ bàálù pàápàá. N'Ífẹ̀ níbí, ní OAUTHC, ọsibítù fásitì ibẹ̀, àwọn dókítà wa àti Memorial Sloan Kettering ti jọ ń ṣe ARGO (African Research Group for Oncology) látọdún 2013, ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ìfun àti ti ọmú, ẹni tó bá wọnú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á ní ohun gidi láti sọ nígbà ìntáfíù. Tó bá sì jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ fẹ́ kọ́, UICC, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ, ní technical fellowship tó jẹ́ bí oṣù kan.

Ìwé lẹ máa kọ́kọ́ wá o, torí òun ló ń pẹ́ jù. Good standing (ìwé pé ẹ ò ní ẹ̀sùn lọ́rùn) láti MDCN, àjọ tó ń rí sí dókítà ní Nàìjíríà, transcript, àyẹ̀wò sátífíkéètì lórí EPIC, ojú òpó ECFMG, ẹ bẹ̀rẹ̀ wọn kẹ́ ẹ tó kọ ìmeèlì kankan. Lọ́gíbùúkù yín náà, ìwé tẹ́ ẹ ń kọ iṣẹ́ abẹ tẹ́ ẹ ti ṣe sí, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tẹ́ ẹ dá ṣe, èyí tí ọ̀gá dúró tì yín, àtèyí tẹ́ ẹ kàn ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ má ṣe bù mọ́ ọn, wọ́n á bi yín nípa ẹ̀. Nínú ìmeèlì, ẹ sọ àìsàn tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́, iye tẹ́ ẹ ti ṣe, ọsibítù tẹ́ ẹ máa padà sí àti ohun tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá bèèrè láìfi bò: ṣé owó oṣù wà, ta ló máa san insurance, iṣẹ́ abẹ mélòó ni fẹ́lò tó wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá ṣe fúnra ẹ̀? Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà fẹ́lò yẹn kẹ́ ẹ bá a sọ̀rọ̀, òun ló máa sọ òtítọ́ fún yín.

Tẹ́ ẹ bá wá débẹ̀, ẹ má jókòó sí tíátà nìkan. Tẹ́ ẹ bá yọ kókó kúrò nínú ọmú, kí nọ́ọ̀sì tó gbà á, ẹ fi òwú kúkúrú ran òkè ẹ̀, kẹ́ ẹ fi òwú gígùn ran ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí abíyá, torí tí pathologist ò bá mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, tó wá bá jẹjẹrẹ létí ibi tẹ́ ẹ gé, kò ní lè sọ ibi tẹ́ ẹ máa padà sí fún yín. Ẹ tẹ̀ lé ẹran yẹn dé lab, ẹ dúró ti ẹni tó ń kun íǹkì aláwọ̀ oríṣiríṣi yí i ká, ẹ wò ó bó ṣe ń bù ú ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Fún jẹjẹrẹ ọmú tó jẹ́ invasive (tó ti wọnú ẹran tó yí i ká), tí aláìsàn máa gba radiotherapy lẹ́yìn ẹ̀, ohun tí SSO àti ASTRO, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ àti ti àwọn dókítà radiotherapy ní Amẹ́ríkà, fẹnu kò lé lórí ní 2014 ni pé tí íǹkì ò bá ti kan jẹjẹrẹ, ó ti tó, kẹ́ ẹ má tún gé síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìfun, ó kéré tán kóróró lymph node 12 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfun tẹ́ ẹ yọ ló yẹ kí wọ́n kà, tí wọ́n bá ka mẹ́rin, ẹ lọ bá pathologist kẹ́ ẹ jọ tún un wá, àbí ọwọ́ yín ni kò dé ibi tó yẹ.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá buwọ́ lu lọ́gíbùúkù lójú ewé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọsibítù mọ́ ọn. Kẹ́ ẹ tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bá yín jókòó lórí Zoom lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún àwọn aláìsàn tí ọ̀rọ̀ wọn bá le, ẹ yọ orúkọ aláìsàn kúrò lára gbogbo fọ́tò tẹ́ ẹ bá máa fi hàn, kẹ́ ẹ sì dá ọjọ́ àti aago ti àkọ́kọ́ kí bàálù yín tó gbéra, torí tẹ́ ẹ bá ti délé báyìí, wọ́ọ̀dù ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rántí.